Àkáǹtì àjọni láàárín ẹni tó wà lókè òkun àti ẹbí rẹ̀ ní Àbújá

Ẹ kú àjò o, àǹtí wa. Ìbéèrè yín ni pé ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánádà àti àbúrò yín ọkùnrin tó ń gbé ní Kubwa fẹ́ jọ ṣí àkáǹtì kan tí owó ilé tí ẹ ń kọ́ yóò máa gbà kọjá. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá báǹkì, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Nínú fọ́ọ̀mù báǹkì, wọn yóò ní kí ẹ yàn bóyá ẹnikẹ́ni nínú yín lè dá buwọ́ lùwé, tàbí àfi kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Bí ẹ bá mú ti àkọ́kọ́, àbúrò yín lè kó owó náà tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìrú òfin báǹkì kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹ bá mú ìkejì, owó kò ní jáde lẹ́yìn yín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ báǹkì kì í fún irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ní káàdì ATM, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń tẹ nọ́ńbà àṣírí káàdì. Ẹ wá ro bíríkìlà tó dúró ní sáìtì lọ́sàn-án Sátidé, tó ń retí owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, nígbà tí báǹkì ti tì, tí ìbuwọ́lù yín sì wà ní Toronto. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí owó ńlá, èyí tí ẹ ó fi ra símẹ́ǹtì, irin àti páànù, wà nínú àkáǹtì tí ẹ̀yin méjèèjì ń buwọ́ lù, kí ẹ sì máa fi owó bíríkìlà àti lébírà ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí àkáǹtì àbúrò yín fúnra rẹ̀. Ó ń dáàbò bo òun náà, torí lọ́jọ́ tí ẹbí bá bèèrè ibi tí owó gbà, ìwé tí ẹ jọ buwọ́ lù yóò wà níbẹ̀.

BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì) àti NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) ẹ̀yin méjèèjì ni wọn yóò bèèrè, pẹ̀lú fọ́tò pélébé, páásípọ́ọ̀tù àti ìwé iná AEDC tó gbé àdírẹ́sì. Bí ẹ kò bá tíì ní BVN, láti ọdún 2025 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà àti NIBSS, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ètò BVN, ti ṣí ọ̀nà tí ará òkè òkun lè gbà forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí páásípọ́ọ̀tù yín bá gbé orúkọ ọkọ, tí BVN ṣì wà ní orúkọ bàbá, ẹ tètè fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tún un ṣe.

Ẹ dákun, ẹ bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó náà bí ọ̀kan nínú yín bá ṣaláìsí, kí báǹkì sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìwé bá dákẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n lè ti àkáǹtì náà títí ẹbí yóò fi gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga, ìyẹn sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ má sì jẹ́ kí líìnì Nàìjíríà yín kú. Bí ẹ kò bá lò ó fún ọgọ́sàn-án ọjọ́, wọ́n lè tì í pa, kí wọ́n sì padà tà á fún ẹlòmíràn, nígbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì yín yóò máa dé ọwọ́ àjèjì. Ẹ máa ra káàdì sí i, kí ẹ máa fi pe ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní kí báǹkì fi í-meèlì yín sínú ìwé wọn kí àlẹ́ẹ̀tì gbogbo owó tó wọlé tàbí tó jáde máa kàn yín lára lójú ẹsẹ̀.