Egungun màmá ti jọ, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ rìn mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi, ẹni ọdún 74, yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun itan wọn sì kán níbi ìbàdí. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n fi irin dè é. Dókítà ní ó ti jọ, pé kí wọ́n máa rìn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé wọn dìde báyìí, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, wọ́n á ní ká jẹ́ kí àwọn jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀lẹ ni. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ọ̀lẹ kọ́. Ẹ̀rù ló ń ba màmá, ẹ̀rù yìí sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Nídìí iṣẹ́ wa, ìbéèrè 16 kan wà tá a fi ń wọ̀n ọ́n: báwo ni àyà yín ṣe ń já tó bí ẹ bá ń wẹ̀, bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, bí ẹ bá fẹ́ gbé fóònù kó tó dákẹ́?

Ibi tó burú sí ni pé ẹ̀rù ìṣubú a máa fa ìṣubú. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á gan, á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára ìka ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò kúrò nílẹ̀ dáadáa ni etí kápẹ́ẹ̀tì máa ń gbé ṣubú. Bó bá sì jókòó pa, iṣan itan á joro, ẹsẹ̀ á wá di aláìlágbára lóòótọ́.

Ẹ wo bí ẹ ṣe ń gbé wọn dìde ná. Tó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló ń ki ọwọ́ bọ abíyá wọn, tí gbogbo ilé ń pariwo "Ẹ rọra o! Ẹ má ṣubú o!", ohun tí màmá ń gbọ́ ni pé ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn. Kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kó fà sẹ́yìn díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ wà nítòsí ìbàdí wọn láì dì wọ́n mú. Màmá fúnra wọn ni kó di wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń rìn, mú. Ohun tí ẹ máa sọ ò ju "Ẹ gbójú sókè, ẹ wo ilẹ̀kùn" lọ.

Orí àga ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àga líle tó ní apá, tó ga díẹ̀, tí ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Àga onítìmùtìmù inú pálọ̀ ti jìn jù. Kí wọ́n sún ìdí wá sétí àga, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga dìde. Kí wọ́n mí bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó rọra jókòó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún nírọ̀lẹ́. Bó bá ti ń rọrùn, ẹ fi kún un.

Lẹ́yìn náà ni ìrìn: mítà 3 láti ìdí àga, kí wọ́n yípo, kí wọ́n padà wá jókòó. Ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà níbi tí màmá á ti máa rí i. Lójú tèmi, iye tó ń dín kù yẹn máa ń wọ àwọn àgbà létí ju gbogbo ìwúrí ọmọ lọ.

Èyí tí àwọn ẹbí kì í fẹ́ gbọ́ ni pé kí físíò, ẹni tó ń fi ìdánrawò tọ́jú ara, kọ́ màmá bí èèyàn ṣe ń dìde láti ilẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àgbà, ìṣubú gan-an kọ́ lẹ̀rù, bí kò ṣe kí wọ́n sùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Wọ́n á yí sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ gbéra, wọ́n á rákò lọ bá àga. Ẹsẹ̀ tó lágbára jù ni wọ́n á kọ́kọ́ fi tẹ ilẹ̀. Ẹ má dá a ṣe nílé o.

Ní ti balùwẹ̀, ẹ ní kí wẹ́dà bá yín de irin ìdìmú mọ́ ògiri, kí iná sì wà níbẹ̀ lóru.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí, ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lórí ìdùbúlẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n bí wọ́n bá dìde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn oorun lè máa fa òòyì, kí ẹ sì máa pè é ní ẹ̀rù. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín; ẹ gbé nọ́ńbà náà lọ fún dókítà. Bí ìrora tuntun bá yọ níbi ìbàdí nígbà tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ilẹ̀, ẹ dá gbogbo ìdánrawò yìí dúró, kí wọ́n tún ya àwòrán egungun náà.