Gáàsì AC Kì Í Di Omi: Ìrì Ló Ń Sẹ̀ Nínú Yàrá Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. AC yàrá wa ní Mọ́dákẹ́kẹ́ ló ń kán omi sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. Ẹni tó wá wò ó ní gáàsì inú ẹ̀ ló ń yọ́ di omi, pé tí a ò bá tètè ṣe é, gáàsì á tán pátápátá. A sanwó, ó fi gáàsì sí i. Ọjọ́ kẹta ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ọkọ mi wá ní ká kúkú máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀, pé omi AC mọ́ ju omi kànga lọ, ó ṣeé bu sí bátìrì ìnfátà, kódà ó ṣeé mu. Ṣé ká tún fi gáàsì kún un ni, àbí ká ra AC mìíràn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnira, màmá. Kí n má parọ́, ibi tí ẹ ti ní "gáàsì ń yọ́ di omi" ni mo ka lẹ́tà yín dé tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ mu omi ná. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, mi ò lè ka iye èèyàn tó ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágéré, ní Ifẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà yìí. Wọ́n á ti sanwó gáàsì tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Gáàsì AC kì í di omi. Kò dà á rí, kò sì ní dà á. Nítorí náà, ohun méjèèjì tí ẹ bi mí, ẹ gbé wọn tì ná. Ẹ ò nílò gáàsì, ẹ ò sì tíì nílò AC tuntun.

Ẹ jẹ́ ká mú gáàsì ọ̀hún fúnra ẹ̀. Púpọ̀ nínú AC tó wà nílé àwọn èèyàn, R410A ló wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́, R22 ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá AC tó wà níta, ẹ lè lọ wò ó. Omi tí à ń mu, tí a bá gbé e kaná, ó di nǹkan bí 100°C kó tó hó. R410A ní tirẹ̀, tó bá bọ́ sí gbangba, ìwọ̀n bíi 51 nísàlẹ̀ òdo ló ti ń hó. Ẹ wá wò ó: yàrá yín tó jẹ́ nǹkan bí 30°C, iná ńlá ni lójú gáàsì yìí. Tó bá ríbi jò, ńṣe ló máa fò lọ. Kò ní dúró kó kóra jọ, ká má tíì sọ pé kó máa kán tó, tó, tó sórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó bá sì tú jáde bí olómi, á fi òtútù bó ẹni tó fọwọ́ kàn án lára ni. Ẹ̀yin ti fi àkísà nu tiyín láìmọye ìgbà, ọwọ́ yín ò sì bó.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan á sọ: pé òun gbọ́ pé gáàsì náà máa ń di olómi nínú páìpù. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, á di olómi lápá òde, á tún padà di gáàsì nínú kọ́ìlì, ìyẹn páìpù tí wọ́n ká pọ̀ sínú apá AC tó wà nínú yàrá, á sì máa gba ooru yàrá lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo olómi ni omi. Bẹntiróòlù olómi ni, ẹ ò lè fi po ẹ̀bà. Inú páìpù bàbà tí wọ́n jó pọ̀ ni gáàsì yìí sì ti ń yí po, kò ní ojú ọ̀nà tó fi máa dé orí bẹ́ẹ̀dì yín.

Kì í sì í ṣe epo jẹnẹrétọ̀ tó ń jó tán. Gáàsì tó wà nínú AC lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ ló yẹ kó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Tó bá dín, ibì kan ló ń jò, ibẹ̀ a sì máa ní àmì epo tó ń lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò wá ojú ibi tó ń jò, tí kò fi ìfófó ọṣẹ yẹ oríkèé páìpù wò, tó kàn ń fi gáàsì kún un, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi, owó yín ló sì ń dà nù níbẹ̀.

Níbo wá ni omi ti ń wá? Inú afẹ́fẹ́ yàrá yín ni.

Ẹ ṣe ohun kan fún mi lónìí. Ẹ bu zobo pupa sínú ìgò, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e sínú fíríìjì di alẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ fi aṣọ nu ara ẹ̀ gbẹ dáadáa, ẹ gbé e sórí tábìlì. Kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ara ìgò á ti máa làágùn, omi á ṣàn sílẹ̀, á fi òrùka sórí tábìlì. Ẹ fi ìka gbá a, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Kò pupa. Tó bá jẹ́ pé inú ìgò ló ti jáde ni, ṣé kò ní pupa? Ẹ tún lè gbé ìgò ọ̀hún sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta ẹja dídì, tó bá jẹ́ èyí tó mọ gíráàmù díẹ̀díẹ̀: ìgò tí omi bò yẹn á wúwo ju ìgbà tí ẹ nù ún gbẹ lọ. Kò sí ohun tó bọ́ nínú ẹ̀, ńṣe ni nǹkan kún un láti òde.

Nǹkan tó kún un yìí ni àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń pè ní oru omi: omi tó ti fò sínú afẹ́fẹ́, tí ojú kò lè rí. Ẹ má rò pé funfun tó ń jáde lẹ́nu kẹ́tù ni o. Ẹ wo kẹ́tù tó ń hó dáadáa, ẹ máa rí i pé ní ẹnu rẹ̀ gan-an, bí ìwọ̀n ìka kan, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni funfun ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan yẹn ni oru wà. Funfun náà ti di ẹ̀kán omi wínníwínní padà. (Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọwọ́ wádìí ẹ̀. Ooru tí gíráàmù oru kan máa já sí yín lára bó ṣe ń di omi tó sì ń tutù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti gíráàmù omi híhó kan. Ìdí tí oru ìkòkò fi ń bó èèyàn ju omi gbígbóná lọ nìyẹn.)

Afẹ́fẹ́ tó gbóná lágbára láti gbé omi púpọ̀. Tó bá tutù, agbára ẹ̀ dín, ó di dandan kó sọ èyí tó pọ̀ jù kalẹ̀. Yorùbá ti ní orúkọ fún un kí ẹnikẹ́ni tó gbé AC dé Ifẹ̀: ìrì. Ìrì tó ń sẹ̀ sórí ewé kókò láàárọ̀, tó ń sẹ̀ sára gíláàsì ọkọ̀, òun náà ló ń sẹ̀ sára kọ́ìlì AC yín tọ̀sán-tòru, nítorí pé kọ́ìlì yẹn tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní yàrá yín jẹ́ mítà 4 sí mítà 3, tí àjà rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Ní 30°C, ní àsìkò òjò bíi ti Ifẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan máa ń gbé bíi gíráàmù 24 omi sára. Tó bá gba ara kọ́ìlì tó wà ní 10°C kọjá, bíi gíráàmù 9 ló kù tó lè gbé. Ìyókù gbọ́dọ̀ sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo yàrá pọ̀, ó máa lé díẹ̀ ní ìdajì lítà, ìyẹn nǹkan bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, nínú afẹ́fẹ́ tó wà nínú yàrá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ò tíì ṣílẹ̀kùn. Ẹ ò tíì mí. Ọmọ ò tíì gbé aṣọ tútù sá sínú yàrá nítorí òjò.

Ìyẹn gan-an ló fà á tí AC fi ń jẹ iná ní àsìkò òjò, kódà nígbà tí ooru ò mú. AC họ́ọ̀sì kan máa ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbáko kó tó lè fi rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan yẹn sẹ̀, láì tíì mú yàrá tutù rárá. Àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ pé kí atẹ́gùn wọlé kún ti AC, ẹ máa gbọ́ o.

Kódà, omi yìí ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe AC. Lọ́dún 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní New York, wà nínú ìṣòro: bí afẹ́fẹ́ bá ti lọ́rinrin, ìwé á wú, àwọ̀ kejì tí wọ́n bá tẹ̀ kò ní bọ́ sójú ibi tí àwọ̀ àkọ́kọ́ wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan, Willis Carrier, ló ya àwòrán ẹ̀rọ tó máa gba omi inú afẹ́fẹ́ náà kúrò. Torí ìwé ni, kì í ṣe torí èèyàn tó ń làágùn. Ẹni tó bá wá rí omi lára AC tó pariwo pé ó ti bàjẹ́, ó dà bí ẹni tó rí ẹyin lábẹ́ adìyẹ tó ní adìyẹ òun ń ṣàìsàn.

Ní ìgbà ọyẹ́, òdìkejì ni mo ń gbọ́. Oníbàárà kan wá ní oṣù kìíní, ó ní gáàsì òun ti tán, torí pé páìpù ẹ̀yìn ilé òun ò kán omi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ètè ẹnu tirẹ̀ gan-an ti là! Afẹ́fẹ́ gbẹ, kí ni ìrì fẹ́ fi sẹ̀?

Ó yẹ kí AC mú omi wá, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò yẹ kó kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Abọ́ gbọọrọ kan wà lábẹ́ kọ́ìlì tó ń gba omi náà, páìpù rọ́bà kan sì ń gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ jáde síta nígbà tí AC bá ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ẹnu páìpù yẹn. Tí yàrá bá ń tutù dáadáa, tí omi ò jáde lẹ́yìn ilé, tó jẹ́ inú ilé ló ń kán sí, páìpù ti dí. Mi ò tíì rí AC yín, nítorí náà mi ò ní búra, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, gáàsì ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti rà. Mo gun àkàbà, mo wo ẹnu páìpù: agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀, ó dí i pa bí ẹni fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Mo yọ amọ̀ kúrò, mo fi búlówà fẹ́ ẹ. Nǹkan dúdú kan yọ jáde, ó ń yọ̀ bí ewédú àná, ó gùn ju ìka mi lọ, ó ń rùn. Omi tó tẹ̀ lé e lé ní lítà kan. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n ti fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Tí kì í bá ṣe páìpù, ó lè jẹ́ pé AC náà fì sí apá kan, tí omi ń dà gba etí abọ́, tàbí abọ́ ti sán. Mo sì gbọ́dọ̀ fún ẹni tó wá bá yín ní ẹ̀tọ́ ẹ̀ díẹ̀. Tí gáàsì bá dín, kọ́ìlì lè tutù jù, yìnyín á bò ó, tó bá sì yọ́, omi á dà lójijì. Àmọ́ nígbà náà, yàrá ò ní tutù mọ́, ẹ ó sì rí yìnyín funfun lójú ara yín. Kódà, fílítà tí eruku ti dí ló ń fa yìnyín ju gáàsì lọ. Ẹ fa fílítà yọ, ẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹ sá a sí ìbòòji kó gbẹ, ẹ dá a padà. Ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe ìyẹn.

Èyí tó kù, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa iná ẹ̀ láti ara ògiri, kì í ṣe láti rìmóòtù. Mo sì rò pé sitabiláísà yín wà lábẹ́ AC níbẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń gbé e. Ẹ gbé e kúrò lálẹ́ òní. Omi àti iná kò mọ ọ̀rẹ́. Tẹ́ni tó bá wá bá tún dárúkọ gáàsì, ẹ ní kó fi ibi tó ń jò hàn yín, kó sì fi òṣùwọ̀n wọn èyí tó fẹ́ fi sí i, torí iye gíráàmù tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ wà lára ìwé tó wà níta yẹn.

Ti ọkọ yín. Ẹ bá mi kí wọn, wọ́n sún mọ́ òótọ́ díẹ̀. Oru tó di omi mọ́ nígbà tó ń sẹ̀. Ṣùgbọ́n ara kọ́ìlì tó ti kó eruku, irun ológbò àti ohun tó ń hù nínú ọ̀rinrin ló gbà kọjá, ó tún gba inú ewédú àná yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Kí wọ́n má dà á sí bátìrì ìnfátà náà. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ìgò kò wọ́n tó bátìrì tuntun. Kí wọ́n fi omi AC nu ilẹ̀, kí wọ́n fi fọ táyà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé, sábẹ́ ẹnu páìpù, tẹ́ ẹ bá ti là á tán.