Kẹ́ ẹ tó ra antivirus, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹnjiníà ṣe sí láptọ́ọ̀pù yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní láptọ́ọ̀pù Windows 10 kan lẹ ń kó máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti fọ́tò ẹbí sí, pé ẹnjiníà tó ń bá yín tún un ṣe ní dandan ni kẹ́ ẹ ra antivirus lọ́wọ́ òun, àmọ́ ọmọ yín tó wà ní London ní èyí tó bá Windows wá ti tó. Ẹ wá fẹ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa gbọ́ tiẹ̀. Tọmọ yín ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ò mọ iye ọwọ́ tí láptọ́ọ̀pù yẹn ti kọjá, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Defender lorúkọ antivirus tó bá Windows wá. Ti ayé Windows 7 ò tó gbójú lé, torí spyware, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ni, nìkan ló ń lé. Láti Windows 8 lọ́dún 2012 ni Microsoft ti sọ ọ́ di antivirus tó pé, ọ̀fẹ́ sì ni. Fún iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ olùkọ́, ó tó. Àmọ́ ẹni tó bá ní àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà lè sọ fún un pé kó má yẹ ibì kan wò, kò sì ní yẹ ibẹ̀ wò. Ohun tí ẹnjiníà kan ṣe sí tèmi nìyẹn.

Mo gbé e fún un pé kó bá mi fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Ó gbowó Windows, ó gbowó Office, kò sì sọ fún mi pé crack, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń ṣí ètò olówó láìsanwó fún ẹni tó ni ín, lòun máa fi ṣí méjèèjì. Defender máa ń mú irú crack bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló ṣe kọ gbogbo C:, ibi tí Windows àti fáìlì mi wà, sínú Exclusions, ibi tí wọ́n ń kọ ohun tí Defender ò gbọdọ̀ yẹ̀ wò sí. Kò pa Defender o! Àmì aláwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà mi lójoojúmọ́, tó ń sọ pé kò séwu. Nígbà tó yá, àbúrò mi rí Photoshop ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sórí rẹ̀. Defender ò sọ nǹkan kan.

Alẹ́ ni mo fẹ́ ṣí fọ́tò ìsìnkú ìyá mi kí n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Kò ṣí. Mo wo orúkọ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin kan tí mi ò mọ ibi tó ti wá ti lẹ̀ mọ́ ìdí .jpg. Mo wo èyí tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Nínú gbogbo fóldà, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ _readme.txt: kí n san 980 dọ́là, tí mo bá kàn sí wọn láàárín wákàtí 72, wọ́n á gba 490. STOP ni wọ́n ń pe fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa láti gbowó yìí, àwọn mìíràn ń pè é ní Djvu. Ara crack ló máa ń bá wọlé, àwa tá à ń lo kọ̀ǹpútà nílé ló sì ń bá jà jù. Mo já íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀dà tí Windows máa ń fi pamọ́ fúnra rẹ̀, ó ti pa ìyẹn náà rẹ́.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, kí n jẹ́ kóun tún un fọ́ọ̀mátì. Ẹ má gbà o! Tí wọ́n bá fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù náà á lọ. Mo lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ẹni tó jókòó síbẹ̀ bi mí pé ṣé wọ́n jí láptọ́ọ̀pù náà ni. Mo ní rárá. Ó ní kí wá ni mo fẹ́ kóun kọ sílẹ̀? Ẹlòmíràn tó pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì gbowó lọ́wọ́ mi, ó ní òun máa ṣí wọn. Ohun tó ṣe ò ju pé ó pa lẹ́tà mẹ́rin yẹn rẹ́ lára orúkọ fáìlì, ó ní ó ti parí. Inú fáìlì ò yí padà rárá. Títí dòní, tí mo bá rántí ẹni yẹn, inú mi ń ru.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nínú wọn pé kí n wo ID, àmì ìdánimọ̀ tó wà nísàlẹ̀ _readme.txt. Tó bá parí sí t1, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni wọ́n fi ti tọ̀pọ̀ èèyàn pa, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Emsisoft, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, gbé jáde lọ́dún 2019 sì lè ṣí i. Tèmi ò parí sí t1. Wọn ò sì sọ fún mi pé nǹkan bíi 150 KB àkọ́kọ́ nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan ni Djvu ń tì pa. Fídíò gígùn ṣe é tún ṣe, béèyàn bá ní fídíò mìíràn tí fóònù kan náà yà tí irinṣẹ́ máa fi ṣe àwòkọ́ṣe. Mo rí fídíò ìsìnkú gbà, mo rí ohùn ìyá mi tí mo gbà sílẹ̀. Ìwé Word tí kò tóbi lọ pátápátá, gbogbo ìwé iṣẹ́ mi wà nínú ìyẹn. Djvu tún máa ń kó olè pásíwọ́ọ̀dù wọlé, ẹnì kan ti ń fi Facebook mi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ìbátan kí n tó mọ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, orí ẹ̀rọ mìíràn ni kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù.

Ní ti èyí tí ẹnjiníà yín ń tà, ẹ bi í pé ta ló ni ín. Kò sí ohun tí antivirus ò lè rí nínú kọ̀ǹpútà yín. Jumpshot, ilé iṣẹ́ kan lábẹ́ Avast tó ń ṣe antivirus, ta àkọsílẹ̀ ibi táwọn èèyàn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí wọ́n fi tì í pa lọ́dún 2020, FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, sì ní kí Avast san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là lọ́dún 2024. Antivirus Kaspersky mọ iṣẹ́ dáadáa, síbẹ̀ ọdún yẹn náà ni Amẹ́ríkà fòfin de títà rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwọn oníbàárà rẹ̀ kan níbẹ̀ sì jí bá antivirus mìíràn, UltraAV, lórí kọ̀ǹpútà wọn láìjẹ́ pé àwọn ló gbé e síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí i tí Chrome ń yọ sí yín pé antivirus McAfee yín ti parí, kẹ́ ẹ sanwó, kì í ṣe antivirus kankan ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ṣí Windows Security, ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ wọ Manage settings, kẹ́ ẹ yọ gbogbo ohun tó bá wà nínú Exclusions. Ẹ tan Tamper Protection, tí kì í jẹ́ kí ètò mìíràn pa Defender. Controlled folder access, tí kì í jẹ́ kí ètò tí kò dá mọ̀ yí fáìlì yín padà, wà níbẹ̀ náà, á yọ yín lẹ́nu díẹ̀, ẹ tan án síbẹ̀. Tí Office yín bá jẹ́ crack, ẹ yọ ọ́, LibreOffice ọ̀fẹ́ á ṣe máàkì akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa.

Windows 10 fúnra rẹ̀ ńkọ́? Microsoft ti dá àtúnṣe ààbò rẹ̀ dúró láti 14 October 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò tí Microsoft fi ń fa àtúnṣe ààbò náà gùn, tó máa gbé e dé October 2026. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín ṣe ìyẹn.

Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra antivirus, ẹ fi ra hard drive tí wọ́n ń kì bọ ara láptọ́ọ̀pù. Ẹ kó ẹ̀dà gbogbo nǹkan sí i, kẹ́ ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti parí. Èyí tó bá wà lára kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á tì í pa pọ̀ ni. Àmọ́ Exclusions yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò lónìí, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ fún mi.