Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbé Elden Ring mi tà ni?

Ìbéèrè: Asalaamu alaekun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀ffà ni mo wà, PS4 ni mo ní. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé ní Ìlọrin ló yin géèmù Elden Ring títí tí mo fi lọ ra CD rẹ̀, tòkunbọ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí mo ti há sójú kan. Ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Margit, lẹ́nu ọ̀nà ilé olódi kan báyìí, ti pa mí ju ìgbà 40 lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí géèmù tó dùn tó o láyé. Ẹlòmíì ní ìyà lásán ni, pé kí n gbé e wá kí òun fún mi ní FC 24, géèmù bọ́ọ̀lù tòun, kí n sì fi owó díẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n tẹ̀ lé? Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, kí lẹ ń gbá lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Wa alaekun salaam, àbúrò. Má tíì gbé CD náà fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe pé ẹni tó yìn ín ló jàre o. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ fún ọ. Ìwọ lo ò bi wọ́n ní ohun tí èmi máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Taǹkẹ́, nílùú Ìlọrin, tó ń ròyìn géèmù fún mi: níbo lo bá a dé?

Iṣẹ́ mi ni kí n tún PS ṣe, kí n sì máa ra CD, kí n máa tà á. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, "ó dùn gan-an" àti "kò dùn rárá" ni mò ń gbọ́. Wọ́n sì ti ń ki Ìlọrin Àfọ̀njá pé ẹnu dùn ju iyọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta CD lọ́wọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bu iyọ̀ náà sọ́rọ̀. Ẹni tó gbá géèmù fún wákàtí méjì tó ní ó dùn, àwòrán ló rí. Ẹni tó ti gbá a fún 20 wákàtí ti mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti gbá a tán, ó ti gbàgbé ìyà ìbẹ̀rẹ̀ bí abiyamọ ṣe ń gbàgbé ìrọbí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Ìlọrin ti gbá Elden Ring tán, àti pé ẹnì kejì kò kọjá Margit rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, bi wọ́n pé kí ni ọwọ́ wọn ń ṣe nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. "Ìtàn rẹ̀ dùn" kò sọ ohunkóhun fún ọ nípa ohun tí ìka rẹ máa ṣe lórí pádì fún odindi oṣù kan. Wàá sì tún bi wọ́n pé: bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, ibo ló máa dá ẹ padà sí? Àwọn òyìnbó tó ń yin géèmù kò ní rántí sọ èyí, nítorí kò kàn wọ́n. Ó kàn wá.

Ó yá, ká gbé Elden Ring wò. FromSoftware ti ilẹ̀ Jàpáànù ló ṣe é, Hidetaka Miyazaki ló darí iṣẹ́ náà, ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2022. Òun ló gba àmì ẹ̀yẹ géèmù ọdún náà ní The Game Awards. Ìyẹn ò ní kó dùn mọ́ ẹ lẹ́nu ṣá. Nígbà tí o kọ́kọ́ jáde sí gbangba, ṣé o rántí akọni tó wọ ihámọ́ra wúrà, tó gun ẹṣin? Gbogbo wa la lọ bá a jà, gbogbo wa ló sì pa. Èmi tí mo dàgbà sí ìlú tí wọ́n ti ń gun ẹṣin wá kí Ẹ́míà lọ́jọ́ Iléyá, mo rò pé mo mọ ohun tí ẹlẹ́ṣin lè ṣe. Ìgbà méje ló tẹ̀ mí pa. Kò sẹ́ni tó ní ká lọ bá a jà. Wọ́n gbé e síbẹ̀ kó o lè mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé o lè yà fún nǹkan, kó o wá ibòmíì lọ, kó o padà wá bá a nígbà tó o bá gbó.

Ọ̀rọ̀ Margit náà nìyẹn. Ojú ọ̀nà tààrà ló dúró sí, ìyẹn ni gbogbo èèyàn fi rò pé àfi kí àwọn pa á lónìí kí àwọn tó lè rìn. Irọ́ ni. Kódà, ọ̀nà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olódi náà tó lè gbé ọ kọjá sí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láìjẹ́ pé o bá Margit sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o pa Margit tì fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó ò bá tíì ní ẹṣin, lọ sinmi nídìí ìmọ́lẹ̀ wúrà tó wà ní Gatefront. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Melina á yọ sí ọ, á fún ọ ní ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Torrent, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà lo ti máa lè máa fi rune, owó inú géèmù náà, kún agbára rẹ. Lẹ́yìn náà, padà sí Church of Elleh lálẹ́. Àjẹ́ kan tó dé fìlà ńlá á fún ọ ní agogo tó ń pe ẹ̀mí ìkookò mẹ́ta wá bá ọ jà. (Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló gbá géèmù yìí dé ìdajì láìmọ̀ pé agogo wà. Wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹ kú agbára.) Wá forí lé gúúsù, kọjá afárá sí Weeping Peninsula. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Sacred Tear kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí ló ń jẹ́ kí ohun tó ò ń mu láti fi wo ara rẹ sàn túbọ̀ lágbára. Rune tó o bá rí, Vigor ni kó o kọ́kọ́ máa kó o sí, torí òun ni ẹ̀mí rẹ. Kí idà tó o fẹ́ràn jù sì lọ sórí tábìlì tó wà ní Church of Elleh kí o fi òkúta pọ́n ọn dé +3 kó o tó padà síwájú Margit.

Nǹkan kan tún wà. Nínú Murkwater Cave, ọ̀dàlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Patches máa dìde sí ọ. Bó bá túúbá, má pa á. Òun ló máa ta ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan fún ọ ní rune 5,000, èyí tó lè so Margit mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lápá àkọ́kọ́ ìjà náà.

Ní ti ìjà gan-an, ọmọ Ọ̀ffà ni ọ́, kò yẹ kí n máa kọ́ ọ. Ìjàkadì lorò yín. Ẹni tó bá kánjú fò ni wọ́n ń gbé ṣánlẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Margit máa ń gbé ọ̀pá sókè, á wá dúró. Ìwọ á rò pé ó ti ń bọ̀, wàá yí gbirigbiri, ìgbà yẹn ló máa wá sọ ọ̀pá náà lu ibi tó o yí dé. Ìgbà 40 tó o sọ pé ó pa ọ́ yẹn, mo gbà pé 30 nínú rẹ̀, ìkánjú ló fà á. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ máa bọ̀ nílẹ̀ ná kó o tó yí.

Bó o bá ti ṣe gbogbo èyí tí géèmù náà kò wá wọ̀ ọ́ lára, tà á, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nítorí nǹkan kan wà tí kò ní yí padà: wọn ò ní jókòó sọ ìtàn fún ọ. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá lọ sí Èsìẹ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí yín. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní 1,000. Kò sí èyí tó máa la ẹnu sọ ẹni tí òun jẹ́ fún ọ. Ilà ojú, ohun tó wà lórí, idà tó wà lọ́wọ́, ìyẹn ni wàá máa wò tí wàá fi máa rò ó pé ó ṣeé ṣe kí eléyìí jẹ́ olórí, kí tọ̀hún jẹ́ jagunjagun. Elden Ring gan-an nìyẹn. Ìtàn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n kọ sábẹ́ òrùka, lára òkú tó jókòó sí ibi tí kò yẹ kó jókòó sí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ta tiẹ̀, kò sì kábàámọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná: géèmù náà kò ṣeé dá dúró. Bí ìyá rẹ bá pè ọ́ pé kó o wá bá àwọn gbé omi, Margit kò ní dúró dè ọ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ibi tó o dé pamọ́ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà bí wọ́n bá mú iná lọ, ìtòsí ibẹ̀ lo máa padà sí. Má kàn fi PS4 sínú oorun pẹ̀lú géèmù ní ṣíṣí kó o lọ sùn. Bí iná bá lọ lóru, oorun yẹn di ikú.

O bi mí ní ohun tí èmi ń gbá. Màá sọ ibi tí mo bá a dé.

Mo ti wọ ọdún kejì nínú Stardew Valley. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eric Barone, ló dá nìkan ṣe é, àwòrán, orin, ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, ó sì gbé e jáde ní 2016. Oko lo máa ń dá níbẹ̀. Ìyá mi, tí ọkọ́ kò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn títí dòní, bá mi nídìí rẹ̀, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Oko tí kì í dun èèyàn lẹ́yìn!" Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyẹn náà ló sì mú kó dùn mọ́ mi lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹja pípa inú rẹ̀ ló ń sú mi. Lórí PS4, ìgbà tó o bá sùn nìkan ló máa ń fi iṣẹ́ rẹ pamọ́, nítorí náà bí iná bá lọ ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 14, ó ṣeé fara mọ́. Ó wà lórí PS4, ó wà lórí fóònù.

Èkejì ni Tales of Kenzera: Zau, tó jáde ní 2024. Mo ṣì wà ní nǹkan bí ìdajì. Abubakar Salim, òṣèré ará Bìrìtìkó tí ìran rẹ̀ ti Kenya wá, ló wà nídìí rẹ̀. Ikú bàbá rẹ̀ ló bí géèmù náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló lọ bá òrìṣà ikú ṣe àdéhùn pé kó dá bàbá òun padà. Fífò inú rẹ̀ yá, ìjà rẹ̀ ti ń jọra wọn lójú mi báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tó ti máa ń jókòó sábẹ́ igi oṣè tí òun àti Kalunga, òrìṣà ikú náà, á jọ máa sọ̀rọ̀. Bàbá mi ti di olóògbé. Mo gbé pádì sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mi ò sì tíì padà sídìí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Kò sí lórí PS4, má wulẹ̀ wá a.

God of War Ragnarök ńkọ́? Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti gbá a tán, nítorí náà ìwọ náà má gbà mí gbọ́ tán.

Kó o tó gba CD ẹnikẹ́ni, yí i dé, gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sábẹ́ iná, kó o wo bóyá ó ti ha. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ọṣẹ ìfọyín á tún un ṣe. Ó lè ṣeé ṣe fún CD orin àtijọ́, nítorí ike tó bo ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí nípọn. CD PS4 yàtọ̀: Blu-ray ni, ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò jìn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ sí ojú rẹ̀, awọ líle tín-ínrín kan ló sì ń dáàbò bò ó. Ọṣẹ ìfọyín máa bó awọ yẹn ni. Ó kéré tán, èèyàn méjì ló ń gbé irú CD bẹ́ẹ̀ wá bá mi lóṣooṣù, tó ń dán, tó ń ta sánsán, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé.

Ó wá ku ọ̀rẹ́ rẹ tó fẹ́ gba owó lé FC 24. FIFA ni àwọn oníbàárà mi ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé EA tó ń ṣe é àti àjọ FIFA ti pínyà, tí FIFA 23 sì ni ìkẹyìn tó jẹ́ orúkọ yẹn. Géèmù bọ́ọ̀lù kì í dùn tì, mo ń fi òwò rẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni tuntun ń jáde, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, bí tuntun bá sì ti dé ni owó ti àtijọ́ ń já wálẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n jù. FC 24 jáde ní 2023. Kò sí ohun tó ń lé Elden Ring bẹ́ẹ̀. Tòkunbọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ lórí káńtà mi. Bí pàṣípààrọ̀ bá máa wà láàárín yín rárá, ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ni kó fi owó lé tiẹ̀.