Èsì: Àmì dúdú tí kì í kúrò lójú sánmà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àmì dúdú tí ẹ ní ó ń hàn lójú sánmà nínú fọ́tò yín, tí ẹ ń nu lẹ́ǹsì nítorí rẹ̀ yẹn, eruku orí sensor ni (ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà). Atẹ́gùn ló máa ṣí i kúrò, kì í ṣe aṣọ.

Bó bá jẹ́ pé ẹ pààrọ̀ lẹ́ǹsì tí àmì náà ò kúrò lójú kan ni o. Ẹ ya ògiri funfun ní f/22 (ihò lẹ́ǹsì kékeré) kó lè hàn dáadáa, ní f/2.8 (ihò ńlá) ẹ lè má rí i rárá.

1. Kí bátìrì kún. Tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́, díńgí inú kámẹ́rà tó ti gbéra sókè máa já wálẹ̀ padà.
2. Ẹ yan ibi ìnu sensor nínú ménù.
3. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ da ojú kámẹ́rà délẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà afátẹ́gùn fẹ́ sensor náà. Àmì òkè fọ́tò, ìsàlẹ̀ sensor ló wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ! Itọ́ le ju eruku lọ.

Lásìkò ọyẹ́ yìí, inú mọ́tò tí mo ti wíńdò rẹ̀ nìkan ni mo ti ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì.

Bí kò bá lọ, ẹ ra swab olómi (igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi aṣọ wé lórí) tó bá ìwọ̀n sensor yín mu. Ẹ̀gbẹ́ swab kan, ìnù kan péré.