Báwo Ni Kí A Ṣe Bá Bàbá Sọ Ọ̀rọ̀ Ìwé Ìhágún Nígbà Ìsinmi?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin. Ibi tí oníkálukú wa ń gbé jìnnà síra, ìsinmi ìparí ọdún nìkan ló sì ń kó gbogbo wa jọ sílé àwọn òbí wa. Bàbá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ara wọn ṣì le, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe ìwé ìhágún. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin bi wọ́n léèrè nídìí oúnjẹ pé ta ni yóò ni ilé lọ́jọ́ iwájú. Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ ti ń ka ọjọ́ fún mi nìyẹn,” wọ́n sì wọ yàrá lọ. Báwo ni mo ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lọ́dún yìí tí kò fi ní dìjà?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe ikú tí ẹ dárúkọ ló bí bàbá yín nínú, nítorí ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa ikú. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ìpín ni ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lé, lójú gbogbo ènìyàn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti ta wọ́n lólobó tẹ́lẹ̀. Kí àbúrò yín kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ̀yin tó kù sì fi ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jogún ohun kan sílẹ̀ pátápátá.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé ìwé ìhágún wà, ibo ni ojúlówó rẹ̀ wà, agbẹjọ́rò wo ló mọ̀ nípa rẹ̀, ta ni wọ́n yàn láti ṣe kòkárí rẹ̀, àti ta ni yóò máa ṣojú wọn ní báńkì tàbí lọ́dọ̀ dókítà bí àìsàn bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Bàbá lè dáhùn gbogbo èyí láìsọ ohun tí yóò kan ẹnikẹ́ni, ẹ̀tọ́ wọn sì ni láti má sọ ọ́.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ni èmi yóò fi ṣáájú bí mo bá wà ní ipò yín. Ìwé tí ènìyàn fi yan aṣojú kò ṣeé ṣe mọ́ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò bá jí pépé, agbára rẹ̀ sì parí lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ẹni tí yóò ṣe kòkárí ogún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àkókò tí ara Bàbá ṣì le yìí ni ó yẹ kí a ṣe é.

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá ìyá yín sọ ọ́, kí ẹ sì fi tiyín bẹ̀rẹ̀: “Bàbá, mo ń ṣe ìwé ìhágún tèmi, mo sì ń ronú ẹni tí yóò gba àwọn ọmọ tọ́ bí nǹkan bá ṣe wá. Báwo lẹ ṣe ṣètò tiyín?” (Kó má jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ o; ẹ ṣe é lóòótọ́ kí ẹ tó sọ ọ́.) Kí àwọn fúnra wọn mú ọjọ́, kó má sì jẹ́ ọjọ́ àjọyọ̀ gan-an. Lérò tèmi, kí àwọn ìyàwó àti ọkọ ẹ̀yin ọmọ má tíì sí níbi ìjókòó àkọ́kọ́.

Bí wọ́n bá gbà láti sọ̀rọ̀, ẹ rọra béèrè nípa ohun tí ìwé ìhágún kì í sábà kàn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù ni owó adójútòfò àti owó ìfẹ̀yìntì ń lọ bá, ohunkóhun tí ìwé ìhágún ìbáà wí. Bí bàbá yín bá kọ orúkọ àbúrò wọn sínú fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gbéyàwó, tí wọn kò sì yí i padà, owó náà lè gba ibẹ̀ lọ. Àkáǹtì tí ẹni méjì jọ ni pẹ̀lú sábà máa ń di ti ẹni tó kù láyé. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò le: Google, Facebook àti Apple ló ní ètò tí ènìyàn lè fi yan ẹni tí yóò mójú tó àkáǹtì rẹ̀ lẹ́yìn ikú.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan níbi ìjókòó yẹn. Òfin ìwé ìhágún tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1837, èyí tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn jọ, béèrè ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lójú kan náà. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n bá sì fi nǹkan sílẹ̀ fún, yálà òun tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, yóò pàdánù nǹkan náà. Ọmọ tó sáré mú bírò láti ṣe ẹlẹ́rìí fún bàbá rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ìpín ara rẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kí Bàbá lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò láwọn nìkan, kó má baà sí ẹni tí yóò sọ lọ́la pé ẹ̀yin lẹ fipá mú wọn.

Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ má ṣe bá wọn jà. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ orúkọ agbẹjọ́rò wọn àti ibi tí ìwé wà sórí tákàdá, kí wọ́n fi sínú àpòòwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí wọ́n sì fi ibi tó wà han ìyá yín nìkan.