Kí ni ìtumọ̀ “sou kan lọ́sẹ̀” nínú ìtàn ọrẹ míṣọ̀n?

Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ ohun tí “sou kan lọ́sẹ̀” jẹ́, àti ohun tó pa á pọ̀ mọ́ ọrẹ ọ̀tọ̀ tí àwọn Àgùdà ń dá lọ́jọ́ Ìsinmi Míṣọ̀n nínú oṣù Kẹwàá. Owó wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Faransé láyé àtijọ́ ni sou. Ogún rẹ̀ ló ń pé franc kan nígbà náà.

Ní Lyon, ìlú àwọn ahunṣọ ṣẹ́dà ní ilẹ̀ Faransé, Pauline Jaricot, tí a bí ní 1799, gbọ́ láti inú lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pé ọwọ́ àwọn fádà tó wà ní Éṣíà ṣófo. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí àwọn òbí òun ti ń ta káàdì, tí òun sì jókòó sẹ́bàá iná, ni ọ̀nà náà là sí òun: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá ènìyàn mẹ́wàá, kí oníkálukú máa dá sou kan lọ́sẹ̀, kí olórí ẹni mẹ́wàá kó o fún olórí ọgọ́rùn-ún, kí ìyẹn náà sì kó o fún olórí ẹgbẹ̀rún. Àwọn òṣìṣẹ́bìnrin ilé iṣẹ́ ṣẹ́dà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá a.

Ó jọ èsúsú, ṣùgbọ́n nínú èsúsú, owó á kàn ọ́ láti kó bó pẹ́ bó yá. Níbi tiwọn, kò sẹ́ni tí yóò kó o. Ẹni tí wọn kò ní fojú rí láéláé ló ń lọ bá. Ibẹ̀ ni mo ka ìtumọ̀ rẹ̀ sí, nítorí láyé àtijọ́ àwọn ọba ilẹ̀ Potogí àti Sípéènì ló ń gbọ́ bùkátà míṣọ̀n, kì í ṣe àwọn mẹ̀kúnnù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1822, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ìtànkálẹ̀ Ìgbàgbọ́ sílẹ̀ ní Lyon, owó àkọ́kọ́ sì dé Éṣíà, àti Louisiana pẹ̀lú Kentucky ní Amẹ́ríkà.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní Lyon yìí kan náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn fádà SMA (Society of African Missions, ẹgbẹ́ míṣọ̀n fún Áfíríkà) sílẹ̀ ní 1856, owó ẹgbẹ́ Ìtànkálẹ̀ Ìgbàgbọ́ sì wà lára ohun tó gbé wọn ró. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l’Ékòó ní 1868, wọ́n bá àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, tí Padre Antonio, ọmọ ìjọ tí kì í ṣe fádà, ti ń ṣáájú wọn nínú àdúrà.

Póòpù Pius Kọkànlá sọ ẹgbẹ́ Ìtànkálẹ̀ Ìgbàgbọ́ di ti Róòmù ní 1922, ó sì dá Ọjọ́ Ìsinmi Míṣọ̀n sílẹ̀ ní 1926 fún ọrẹ rẹ̀. Jaricot ti kú tipẹ́. Ilé iṣẹ́ irin tó dá sílẹ̀ nítorí àwọn òṣìṣẹ́ dojú dé, gbèsè rẹ̀ sì kò tán lọ́rùn rẹ̀ títí ó fi kú nínú ìṣẹ́ ní 1862. Ó dùn mí pé ọdún 2022 ni wọ́n tó kà á mọ́ àwọn Alábùkúnfún, ní Lyon náà.